Láníhùn Kí Àna Rẹ̀ ní Kọndólẹ́ǹsì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló lè sọ ohun tó fà á tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé, "A kì í fi ọ̀rọ̀ tí a kò mọ ìdí rẹ̀ kí àna"? Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Láníhùn káfíńtà ló fà á.

Ìfẹ́ Àwẹ̀ró ti wọ Láníhùn lára, àmọ́ bàbá ọmọ náà ti búra pé òun kò ní fi ọmọ òun fún ẹni tí kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì. Ọkàn Láníhùn kò balẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kan, ó ń tún ilẹ̀kùn ṣe nílé olówó kan, ló bá rí àwọn gbajúmọ̀ tí wọ́n ń wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ti ní, "Kọndólẹ́ǹsì, sà," wọ́n á fún un ní àga, wọ́n á sì gbé ọtí fún un. Inú Láníhùn dùn. Ó ti rí ìkíni àwọn ọlọ́lá.

Nígbà tó dé ilé àna, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Kọndólẹ́ǹsì, sà!"

Bàbá Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín músẹ́, ó bi Oyèkànmí, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà, pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Oyèkànmí yọ́ ọ sọ sí i létí pé, "Baba, inú ìrora ni òyìnbó ti mú ọ̀rọ̀ yẹn jáde. Ẹni tí èèyàn rẹ̀ bá kú ni wọ́n fi ń kí, pé àwọn bá a pín nínú ìrora rẹ̀."

Baba fò dìde. "Láníhùn, ta lo ń kí bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo ilé ni, sà. Orí yín ni mo ti bẹ̀rẹ̀."

Ìyá Àwẹ̀ró figbe ta, àwọn ará àdúgbò sì rọ́ wọlé. Inú Láníhùn tún dùn sí i, nítorí obìnrin ń sunkún nílé olówó náà pẹ̀lú. Àna kò sì tíì ní kó dìde, ló bá ń kí ẹni tó bá ti wọlé láti ilẹ̀ẹ́lẹ̀: "Kọndólẹ́ǹsì, ìyá! Kọndólẹ́ǹsì o, ẹ̀yin aládùúgbò!" Bàbá àgbà kan sáré padà sílé lọ wò ó bóyá ìyàwó òun ṣì ń mí.

Àwẹ̀ró sáré jáde. "Èmi náà ńkọ́?"

"Tìrẹ ló pọ̀ jù, olólùfẹ́ mi."

Àwẹ̀ró jókòó sílẹ̀ gbì.

Oyèkànmí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bi í pé, "Níbo lo ti gbọ́ ọ?"

"Nílé olówó kan tí ìyá rẹ̀ ń sùn ní pálọ̀ láàrin òdòdó. Ìyá náà mà sùn wọra o! Pẹ̀lú gbogbo ariwo yẹn, kò jí."

Ìgbà tó yé wọn, ẹ̀rín gba ilé kan. Bàbá Àwẹ̀ró nu ojú, ó ní, "Dìde, kí o máa mú Àwẹ̀ró lọ. Ẹni tó lè fi gẹ̀ẹ́sì pa odidi ilé, ó sàn ká sọ ọ́ di ọmọ ilé ká lè máa ṣọ́ ọ. Àmọ́ láti òní lọ, 'Ẹ káàárọ̀' tí ìyá rẹ kọ́ ọ ni kí o fi máa kí mi."

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti ń kìlọ̀ fún ọmọkùnrin tó bá ń lọ tọrọ ìyàwó pé: a kì í fi ọ̀rọ̀ tí a kò mọ ìdí rẹ̀ kí àna.