Bí A Ṣe Wá Oúnjẹ Aláìlẹ́ran Kiri Ìbàdàn

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí wọn ó fi gbé mi sin. Mo ti fi oko ríro gbìyànjú àtigbàgbé rẹ̀, mo ti fi oorun gbìyànjú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ti rí ẹni tí ń bó ẹ̀wà nínú omi báyìí, gbogbo rẹ̀ a tún padà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́, kí ẹ bá mi rẹ́rìn-ín níbi tí ẹ bá ti lè rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ kò pọ̀.

Kí ogun Ìjàyè tó dé, èlùbọ́ ni mo máa ń rù láti oko wa lẹ́yìn Ìrókò lọ sí Ìbàdàn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi a tà, wọn a ra iyọ̀, wọn a padà sílé. Èmi a tà, n ó sì máa jẹun kiri. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi, èmi ni mo kọ́ ara mi. Mo mọ alákàrà tí ń lọ ẹ̀wà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lórí ọlọ, mo sì mọ èyí tí ń lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan tí ó ń fi ata bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Mo mọ ẹlẹ́kọ tí ẹ̀kọ rẹ̀ kì í lẹ̀ mọ́ ewé. Bí ẹ bá fi aṣọ dì mí lójú, tí ẹ fi gbẹ̀gìrì kàn mí lẹ́nu, n ó sọ àdúgbò tí wọ́n ti sè é fún yín. Ní ilé wa, Atọ́wò ni wọ́n ń pè mí. Mo rò pé oyè ni.

Ogun wá dé. Àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn sun oko wa, àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá sá, wọ́n sì mú àwọn yòókù. Lẹ́yìn tí Ìjàyè fọ́, a gbọ́ pé Àjàní, ọmọ bàbá mi, ṣì wà láàyè, nílé ọ̀gá ológun kan ní Ìbàdàn, tí ó ń roko fún wọn. Ìyá rẹ̀ ni ìyáálé ilé wa, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà. Àjàní nìkan ni wọ́n bí. Ọjọ́ tí a gbọ́ pé wọ́n mú un, Ìyá Àgbà kúnlẹ̀ níwájú òòṣà wọn, wọ́n ní ohunkóhun tí ó bá ti mí rí láyé kò ní kan ẹnu àwọn mọ́ títí Àjàní yóò fi wọlé. Ẹran, ẹja, ìgbín, edé, títí dé omi tí a fi sè wọ́n. Ojú wa ni wọ́n ṣe ń rù, tí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọwọ́ wọn fi ń yọ̀ bọ́ fúnra rẹ̀.

Ẹni tó bá wa bẹ̀bẹ̀ lọ́dọ̀ ológun náà ni Bàbá Sùlé, àgbà ìmàle kan tí ń kiri aṣọ láàárín Ìbàdàn àti Ìrókò. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wọ̀, Bàbá Sùlé wá bá wa lóko.

"Ẹ wá gba ọmọ yín lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀," wọ́n wí. "Kí oòrùn tó yẹ àtàrí ni kẹ́ ẹ dé. Wọn á gbé oúnjẹ kalẹ̀, ẹ ó sì jẹ ẹ́ níwájú gbogbo ilé. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé yẹn nìyẹn. Ẹni tó wá gba èèyàn rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá wọn jẹ nínú àwo kan, kó lè hàn pé inú ti mọ́. Ẹni tí kò bá jẹ, ohun tó ń sọ ni pé òun ṣì ń di nǹkan sínú. Ní ti oúnjẹ ọ̀hún ṣá…"

Mo já wọn lẹ́nu. Mo ní, "Bàbá, ẹ fi ti oúnjẹ sílẹ̀ fún mi."

Bàbá Sùlé wò mí tìyanu-tìyanu. "Ó dáa, onímọ̀," wọ́n ní, wọ́n sì gbé ẹrù aṣọ wọn.

Èmi ti ro tèmi parí. Ilé ológun, ilé ẹran ni. Bí Ìyá Àgbà bá fi ebi wọ ibẹ̀, tí wọ́n ń wo ẹran láìjẹ, gbogbo ilé á fura. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti yó lè fi ọwọ́ kan etí ẹ̀kọ, kí ó dúpẹ́, kí ó ṣan ọwọ́, ẹnikẹ́ni kò ní bínú. Iṣẹ́ mi ni kí n fi oúnjẹ tí kò lẹ́ran yó wọn kí a tó débẹ̀. Ta ló sì tún lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe Atọ́wò?

A sùn sí ahéré ọ̀rẹ́ mi kan lẹ́yìn odi, a sì wọ ìlú ní kùtùkùtù ọjọ́ ọjà.

"Ọmọ mi," Ìyá Àgbà wí, "jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ gba Àjàní. Oúnjẹ ò sá lọ."

"Ìyá Àgbà, ẹ gbẹ́kẹ̀ lé mi."

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ìwọ lo mọ ìlú."

Gbólóhùn yẹn ló mú orí mi wú.

Ọ̀dọ̀ alákàrà mi àtijọ́ lẹ́bàá Ọjà Ìba ni a kọ́kọ́ dé. Ó ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n epo rẹ̀ ti dúdú bí omi aró. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbóòórùn rẹ̀.

"Ìyá alákàrà, kí lẹ fi epo yìí dín kẹ́ ẹ tó dín èyí?"

"Àkàrà."

"Ṣáájú ìyẹn ńkọ́?"

"Àkàrà àná."

"Ṣáájú ti àná?"

Ó gbé ṣíbí onígi rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé àkàrà lo wá jẹ ni, àbí o fẹ́ fi epo mi ṣaya, tí o ń wádìí ìdílé rẹ̀?"

Àwọn tó ń dúró ra àkàrà bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan nínú wọn ní, "Ẹja ló fi dín níjẹta. Èmi ni mo jẹ ẹ́, ó sì dùn." Bẹ́ẹ̀ ni ti alákàrà ṣe bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ọlọ́bẹ̀ kan wà nísàlẹ̀ Màpó tí mo lè fi orí mi dúró fún, ẹni tí kì í fi nǹkan kan sí gbẹ̀gìrì rẹ̀ ju irú, ata àti àlùbọ́sà lọ. Ó búra fún wa pé ẹran kò dé ìdí ìkòkò òun láti ọjọ́ tí ogun ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti ń yangàn, mo ti ń sọ fún Ìyá Àgbà bí ó ṣe ń fi ìjábẹ̀ já ẹ̀wà náà títí yóò fi kúnná, nígbà tí ìgbakọ gbé egungun kan jáde, ó tóbi tó àtàǹpàkò mi.

"Ìyá, kí nìyí?"

"Egungun lásán ni. Ṣé o rí ẹran lára rẹ̀ ni?"

Lóòótọ́, n kò rí i. Egungun náà ti funfun báláú. Ogun ti jẹ́ kí wọ́n máa fi egungun kan ṣoṣo se ìkòkò méje, kí ọbẹ̀ lè máa rántí ẹran. Ìyá Àgbà ti yí padà, wọ́n ti ń lọ.

A dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́kọ mi. Kò sí iná, kò sí ewé, ààrò rẹ̀ ti hu koríko. Obìnrin tí ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ sọ fún wa pé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjèèjì ló kú sí Ìjàyè. Láti ìgbà náà ó jókòó sínú ilé, kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀.

Kí Ọlọ́run forí jì mí. Ohun tí ó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Ta ló wá ń ṣe ẹ̀kọ tó dà bíi tirẹ̀ báyìí?"

Obìnrin náà kọjú sí ọjà rẹ̀. Ìyá Àgbà lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé náà. Àwọn tiwa ni àwọn èèyàn tí àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ bá jà. Síbẹ̀ Ìyá Àgbà dúró níbẹ̀ pẹ́, wọ́n ń wúre kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fún ẹni tó wà nínú ilé, lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ó tó, jẹ́ ká lọ."

Oòrùn ti ń gun òkè. Ká tó rìn jìnnà, a pàdé elékuru kan tí ó gbé igbá rẹ̀ kalẹ̀ sábẹ́ igi. Èkuru funfun, kò lépo, kò ní edé, ẹ̀wà àti omi lásán. Ìyá Àgbà ti ń bẹ̀rẹ̀ láti jókòó.

"Èyí dáa," wọ́n wí.

Mo bu ọ̀kan sí méjì, mo wò ó. Ojú dúdú ẹ̀wà wà nínú rẹ̀ yíká.

"Ìyá Àgbà, kò bó ẹ̀wà yìí dáadáa. Ẹ wo èèpo. Èmi mọ èyí tó dára jù lọ nílùú yìí, ìhà Ọjẹ́ ló wà."

"Ọmọ, èèpo ẹ̀wà ò ní pa mí."

"Ẹ jẹ́ ká lọ síbẹ̀. Ẹ ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

Elékuru náà wo èkuru rẹ̀ tí mo bu sí méjì. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá. Ṣé bí ọmọ yín yìí ti ń ṣe láti ìdájí nìyí?"

Mo ti mú Ìyá Àgbà lọ sí Ọjẹ́. Ẹsẹ̀ wọn ti wú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni a jókòó lọ́nà. Ṣùgbọ́n elékuru tèmi wà níbẹ̀, èkuru rẹ̀ sì funfun bí òwú, ó ń fọ́ lẹ́nu bí iyẹ̀pẹ̀ tútù. Ìyá Àgbà jẹ méjì, wọ́n ní ó tó. Mo mú ẹ̀kẹta lé wọn lọ́wọ́. Mo mú ẹ̀kẹrin lé e.

"Ọmọ, mo ti yó."

"Ẹ jẹ ẹ̀karùn-ún, kí ojú yín má wo ẹran."

Nígbà tí wọ́n jẹ ẹ̀karùn-ún tán, òjìji wa ti bọ́ sí apá kejì. Oòrùn ti yẹ àtàrí.

Ilé ológun náà kún. Òun fúnra rẹ̀ jókòó sórí awọ, ọkùnrin kúkúrú kan tí ó ń rún pákò. "Ẹ pẹ́," ó wí, ṣùgbọ́n kò bínú. Àjàní dúró lára ògiri. Ó ti ga sí i, àbí ó rù ni. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára ìyá rẹ̀.

Ìyáálé ilé náà gbé àwo ńlá kan jáde fúnra rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ fún Ìyá Àgbà, nítorí Ìyá Àgbà ju òun lọ.

"Ìyá Àjàní, ẹ káàbọ̀. Bàbá Sùlé ti sọ fún mi pé ẹ kì í jẹ ohun ẹlẹ́mìí. Ìkòkò tuntun ni mo fi sè é, ẹran ò kàn án rí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi bó ẹ̀wà rẹ̀."

Ó ṣí i. Èkuru ni.

Ìyá Àgbà wò mí. N kò ní sọ bí ojú yẹn ti rí.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Ìyáálé ń bù, àwọn náà ń bù. Bí wọ́n ti ń jẹ ẹ́, Àjàní ni wọ́n ń wò, bí ẹni pé òun ni wọ́n ń gbé mì. Ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, títí dé ìgbà keje. Mo ń kà á. Ní ìkẹjọ, wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu. Ní ìkẹsàn-án, gbogbo rẹ̀ tú jáde sórí ẹní, ti Ọjẹ́ àti ti ilé náà papọ̀, níwájú ẹsẹ̀ ológun.

Ológun fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn.

"Ṣé ilé mi ni wọ́n ti ń fún àlejò ní májèlé?" ó wí.

Ká ní mo dákẹ́! Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Mo ní kì í ṣe májèlé, wọ́n ti jẹ èkuru márùn-ún ní Ọjẹ́ ni, lọ́dọ̀ obìnrin kan tí kì í fi èèpo ẹyọ kan sílẹ̀.

Ìyáálé dìde lórí eékún rẹ̀. "Ẹ ti jẹun níta kẹ́ ẹ tó wọlé mi? Ẹ̀rù tiwa ló bà yín?"

"Rárá o, Ìyá! Tiyín náà dára. Àfi iyọ̀ rẹ̀ ló kéré díẹ̀."

Mo gbọ́ ohùn ara mi. Mo fẹ́ fà á padà, kò ṣeé fà. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì dákẹ́ kíá. Ìyáálé gbé àwo rẹ̀, ó wọlé, kò sì wẹ̀yìn.

Ológun ju pákò rẹ̀ nù. "Inú àwọn wọ̀nyí kò tíì mọ́. Ẹ máa lọ. Kí ẹ padà wá ní ìtàdógún."

Àjàní gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Ẹnì kan di apá rẹ̀ mú.

Ní ìtàdógún, ẹnu ọ̀nà nìkan ni wọ́n jẹ́ ká dé. Ológun ti lọ sógun ìhà Rẹ́mọ níjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Àjàní ló ru ẹ̀tù rẹ̀.

Ọdún méjì ni a tún fi dúró dè é. Ìyá Àgbà kò bá mi jà. Wọn kò tilẹ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nílé, ìyẹn sì ni ó jẹ́ kí ó ṣòro. Èmi ni mo ń bó ẹ̀wà wọn fún ọdún méjèèjì náà. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin a máa kọjá lójú ọ̀nà oko, wọn a ní, "Atọ́wò, ìyàwó ta ni ọ́?" N ó máa bó ẹ̀wà mi lọ. N kò fi èèpo kan sílẹ̀ rí.

Ológun náà kò padà bọ̀ láti ogun yẹn. Ìyáálé rẹ̀ ló dá Àjàní sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kò sì ní kí a wá jẹ nǹkan kan. Bàbá Sùlé mú un wálé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ méjì kò sí mọ́. Ilé dàrú fún ayọ̀ àti ẹkún. A pa ewúrẹ́. Èmi ni mo gbé ẹran àkọ́kọ́ síwájú Ìyá Àgbà, apá ibi tí ó rọ̀ jù lọ. Wọ́n rún un lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n tu ú sí àtẹ́lẹwọ́. Ó ń rùn sí wọn. Wọn kò tún jẹ ẹran mọ́ títí wọ́n fi kú.

Láti ìgbà náà, bí àgbà bá la ẹnu báyìí, mo ti pa tèmi dé nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n parí ọ̀rọ̀ wọn. Ohun tí ẹ kò mọ̀ lè wà nínú gbólóhùn tí ó kù.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ewúrẹ́ yẹn, Ìyá Àgbà nu àtẹ́lẹwọ́ wọn, wọ́n sì yíjú sí mi níwájú gbogbo èèyàn.

"Ìwọ tí o mọ ibi tí wọ́n ti ń ta gbogbo nǹkan ní Ìbàdàn," wọ́n wí, "níbo ni wọ́n ti ń ta ọdún méjì?"

Àjàní ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ oníka mẹ́ta náà bo ẹnu. Ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí ni mo tún lè ṣe? N kò mọ ibẹ̀.