Bí Oyèkànmí Ṣe Gba Ìkókó Mọ́kànlá Lọ́wọ́ Orúkọ Kan Ṣoṣo

Ẹ yà fún un lọ́nà, ẹ̀yin ará Ìkìrun! Oyèkànmí ọmọ Gbádégẹṣin ló ń bọ̀, ọmọ bàbá tí í lẹ táyà kẹ̀kẹ́ tí táyà á gbàgbé pé òun ti jò rí, akọni tí kò gbé idà rí, tí kò lé ẹkùn rí, tó jẹ́ pé bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà nìkan ni ìka rẹ̀ ń lù, tó sì ń lù ú bí ẹni tó ń gúnyán fún ogún àlejò.

Ìyá Agbẹ̀bí, àgbà obìnrin tó ni ilé ìgbẹ̀bí ìsàlẹ̀ odò, ló ní kó wá ṣe ètò orí kọ̀ǹpútà tí yóò máa yọ káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára fún gbogbo ìkókó. Oyèkànmí jókòó, ó dá mọ́ọ̀dù kan sínú kọ̀ǹpútà bíi ti àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù: bí wọ́n bá ti bí ọmọ, mọ́ọ̀dù á yọ káàdì kan. Nítorí pé ọmọ wa kì í lórúkọ kí ọjọ́ kẹjọ tó pé, akọni wa kọ "Ìkókó" sára mọ́ọ̀dù, pé bó bá di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, òun á pààrọ̀ rẹ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n Oyèkànmí ò wo ilé kankan.

Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọmọ àkọ́kọ́ ní Wúràọlá, ìkókó mọ́kọ̀ọ̀kànlá tó wà lórí kọ̀ǹpútà di Wúràọlá lẹ́ẹ̀kan náà, àtàwọn ọkùnrin mẹ́fà inú wọn. Ìyá kan wo káàdì, ó tú ìdí ọmọ rẹ̀ wò, ó tún wo káàdì. Ìyá Agbẹ̀bí ò pariwo.

Ó ní, "Oyèkànmí, ọ̀la làwọn ìyá ń bọ̀ fún abẹ́rẹ́. Bí káàdì ò bá tọ́, ìwé ńlá tí a fi ń kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ là ń padà sí, ìwọ náà á sì padà sí ṣọ́ọ̀bù táyà."

Kí akọni wa padà sí ṣọ́ọ̀bù táyà kẹ̀! Ó ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọwọ́ òun ò tún ní kan gíríìsì mọ́ láyé.

Ha, ogun le! Ó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà bí ológbò tó gbọ́ ìró eku, ó yẹ ìlà kan wò, ó yẹ èkejì wò, ó fọwọ́ lérán títí ife tíì tó wà níwájú rẹ̀ fi tutù. Àṣé ara mọ́ọ̀dù ló ń kọ orúkọ sí, kò kọ ọ́ sára búlọ́ọ̀kù, ìyẹn káàdì ọmọ kọ̀ọ̀kan! Ohun tó bá sì wà lára mọ́ọ̀dù, gbogbo ọmọ ló jọ ni ín. Ojú tì í, ó bojú wẹ̀yìn bóyá ẹnì kan rí òun. Ló bá pàṣẹ fún mọ́ọ̀dù pé bó bá ti ń yọ káàdì ọmọ kan, kó tó gbé e sílẹ̀, kó kọ orúkọ sára káàdì náà fúnra rẹ̀. Gbogbo ohun tó fi kún un kò ju ọ̀rọ̀ kúkúrú kan lọ, èyí tó túmọ̀ sí "fúnra rẹ̀".

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Agbẹ̀bí ń pe káàdì lọ́kọ̀ọ̀kan: Wúràọlá, Ajíbọ́lá àti Moróunkẹ́jì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lórúkọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, Ìkókó ọmọ Ṣíjúadé tí wọn ò tíì sọ lórúkọ. Kò sí ọmọ tó gba orúkọ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀. Bó pè é tán, ó gbé ìwé ńlá, ó tì í bọ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó tì í pa, ó sì na kọ́kọ́rọ́ sí Oyèkànmí.

Ó ní, "Máa mú un dání. Káàdì rẹ la ó máa lò báyìí; ó kù sọ́wọ́ rẹ."

Nítorí náà, kó di mímọ̀ láti Ìkìrun dé Ìrágbìjí pé ọkùnrin kan wà tó fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gba ọmọkùnrin mẹ́fà lọ́wọ́ orúkọ obìnrin! Ẹ kí i kú ogun, ẹ kí i kú àjàbọ̀, ẹ má sì jẹ́ kó gbọ́ pé ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.