Kéèkì Ọba Abẹ́rẹ́

Ta ni kò mọ Bashi Kasonde ní ìlú Luanshya níbí? Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, òun fúnra rẹ̀ á sọ fún ọ. Ọba Abẹ́rẹ́ ló ń pe ara rẹ̀. Ó ní obìnrin tí kò bá wọ aṣọ ìyàwó tí òun rán, kò tíì ṣègbéyàwó, ó kàn kó ẹrù lọ sílé ọkùnrin ni.

Òun àti Bana Mwape tó ń ṣe kéèkì nítòsí ibùdókọ̀ ló jọ ṣàdéhùn. Ẹni tó bá wá rán aṣọ, Bashi á júwe ọ̀nà Bana Mwape fún un. Ẹni tó bá wá ra kéèkì, ìyẹn náà á júwe télọ̀. Kò pẹ́ tí ọwọ́ àwọn méjèèjì fi dí.

Ni ojúkòkòrò bá dé. Ọba rò ó pé kí ló dé tí òun ń fi oníbàárà òun tọrẹ. Aṣọ funfun, kéèkì funfun: ẹni tó mọ ọ̀kan ti mọ èkejì. Nígbà tí Chileshe, ọmọbìnrin kan láti ìlú Kitwe, wá rán aṣọ ìyàwó, tó sì béèrè ẹni tó mọ kéèkì ṣe, Bashi mí kanlẹ̀. Ó ní ẹni tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ti kó lọ sí Lusaka, àmọ́ kó fọkàn balẹ̀, òun náà ń ṣe é.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló yan kéèkì, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló rì. Ló bá gé fóòmù tó fi ń gbé èjìká kóòtù sókè, ó tò ó ní ìpele mẹ́ta, ó gbé kéèkì kékeré kan lé e lórí, ó fi ṣúgà funfun bo gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ó dúró tì í ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kí fọ́tò má baà fò ó.

Ọkọ ìyàwó kò mọ̀ pé òkè ni kí òun gé. Ó ki ọ̀bẹ bọ ìsàlẹ̀. Kéèkì tì í padà. Nígbà tó fa ọ̀bẹ yọ, fóòmù tẹ̀ lé e.

Chileshe bojú. Wọ́n ní kí Bashi ṣàlàyé.

“Iṣẹ́ Bana Mwape ni,” ló dáhùn. “Kó tó lọ sí Lusaka ló gbé e fún mi.”

Àwo adìyẹ wà lọ́wọ́ Bana Mwape bó ṣe ń jáde láti ilé ìdáná. Òun àtàwọn ìyá ìjọ ló ń gbé oúnjẹ fún àlejò. Ó gbé àwo kalẹ̀, ó wo fóòmù tó wà lẹ́nu ọ̀bẹ.

“Bashi Kasonde,” ó ní, “ìgbà wo lẹ rí mi tí mò ń rán kóòtù?”

Ìyá àgbà ìyàwó dìde, ó ya fóòmù díẹ̀, ó nà án sí Bashi.

“Ọmọ mi, jẹ ẹ́ ká rí i.”

Gbogbo gbọ̀ngàn ń wo ẹnu Ọba.