Ìlà Kan Ṣoṣo tí Mo Fi Ṣe Fújà

Ọjọ́ tí mo pe àwọn àgbàlagbà síbi ìsìnkú ara wọn kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé.

Lańlọ́ọ̀dù mi ní Festac ló di olóògbé. Àwọn àti Màmá, ìyàwó wọn, ò bímọ. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni Màmá bẹ̀ mí: "Ìwọ tó o mọ kọ̀ǹpútà, bá mi ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ìjọba. Mi ò fẹ́ kí wọ́n sin ọkọ mi bí ẹni tí kò léèyàn."

Túndé ọ̀rẹ́ mi ti fi Páítọ̀n, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kọ ètò tí yóò fi àtẹ̀jíṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí gbogbo wọn. Ó gùn. Gbogbo nǹkan ló fún lórúkọ tirẹ̀. Mo wò ó, mo yínmú.

"Kí ni gbogbo àròyé yìí? Ìlà kan ni màá fi ṣe é ní Pẹ́ẹ̀lì."

Pẹ́ẹ̀lì, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn, fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ṣókí ní tirẹ̀. O ò ní láti dárúkọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ. Ṣáà máa pè é ní "òun", ó ti yé e.

"Tí 'òun' bá wá di méjì ńkọ́?" Túndé bi mí.

"Jọ̀ọ́, má yọ mí lẹ́nu."

Àṣé ẹnu mi ló fẹ́ pa mí! Inú "òun" ni mo fi orúkọ olóògbé sí. Bí Pẹ́ẹ̀lì sì ṣe ń mú orúkọ àwọn tí a fẹ́ pè lọ́kọ̀ọ̀kan, inú "òun" kan náà ló ń kó wọn sí. Kò ké, kò janpata. Ni orúkọ oníkálùkù bá rọ́pò ti olóògbé nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tó lọ bá a. Kò pẹ́ tí fóònù Màmá fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Bàbá kan ní àdúgbò Raji Rasaki ti kà á pé wọ́n fẹ́ sin òun lọ́jọ́ Jímọ̀. Ní Satellite Town, ìyàwó ẹnìkan ti figbe ta, ọkọ rẹ̀ sì ń jẹun lọ́wọ́ níwájú rẹ̀.

"Ikú ò ní mọ̀nà ilé mi!" ni wọ́n ń pariwo. Mo bẹ̀ wọ́n títí, mo tún fi èyí tó tọ́ ránṣẹ́. Ta ni yóò tún kà á?

Nígbà tí Jímọ̀ dé, àga funfun tò lọ rẹrẹ lábẹ́ àtíbàbà, ẹnìkan ò sí lórí wọn. Màmá ń wojú ọ̀nà. Ojú tì mí, ó sì dùn mí wọra.

Ìgbà tó yá ni Alhaji kan, ọmọ onílẹ̀ ní Àmùwò tó bá Bàbá ṣiṣẹ́ rí, tẹ̀pá wọlé. Àwọn náà ti rí àtẹ̀jíṣẹ́ tiwọn gbà.

"Ìyàwó wa, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Wọ́n ní èmi lẹ fẹ́ sin lónìí, ni mo bá ní kí n wá wo àwọn èèyàn mi." Wọ́n wo àga lọ́tùn-ún, wọ́n wò ó lósì. "Háà! Ẹnìkan ò mà wá o."

Màmá bú sẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín náà fi di ẹkún. Alhaji jókòó tì wọ́n, wọn ò sì dìde títí a fi bo ilẹ̀ mọ́ Bàbá.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ń kọ ètò, olúkúlùkù ni mo ń pè lórúkọ. "Ó ti gùn jù," ni Túndé fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ báyìí. Mo máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àwọn àga funfun yẹn ni mo ń rí.