Táyà Ńlá Lẹ́yìn Ọkọ̀ Agbẹ̀bí

Ẹjọ́ tó wọ ààfin Baálẹ̀ lánàá, ẹsẹ̀ mẹ́rin ló fi wọlé: méjì tẹ́ẹ́rẹ́ níwájú, méjì rọ̀gbọ̀dọ̀ lẹ́yìn. Ọkọ̀ ni. Ọkọ̀ mìíràn ló fà á wá torí kò lè rìn mọ́, ojúde gan-an ni wọ́n sì já a sí, débi pé àwọn ìjòyè tó fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ ní láti fẹ̀gbẹ́ rìn kọjá lára rẹ̀ kí wọ́n tó dé orí àga wọn.

Agbẹ̀bí ló ni ọkọ̀. Ọkọ rẹ̀ ló pè lẹ́jọ́. Ayàfọ́tò ni ọkọ náà, Gbajúmọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Òun fúnra rẹ̀ ló fún ara rẹ̀ lórúkọ yẹn, ó sì máa ń rán àwọn èèyàn létí bí wọ́n bá gbàgbé. Kóòtù funfun ló wọ̀ wá sí ààfin, ó sì ti bi akọ̀wé Baálẹ̀ bóyá ìmọ́lẹ̀ yàrá náà á gba fọ́tò.

Agbẹ̀bí ò mú nǹkan kan wá ju báàgì iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò ti sùn dáadáa. Kì í ṣe nítorí ọkọ̀ tó bàjẹ́ o, bí kò ṣe nítorí ohun tí ọkọ rẹ̀ ń sọ kiri: pé obìnrin náà ò mọ ọkọ̀ wà, pé eré àsápajúdé ló fi ba ọkọ̀ tó dáa jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ti dé etí ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, ọ̀gá sì ti ń wò ó bíi pé kó gba iṣẹ́ ilé ìwòsàn orí òkè lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ọdún mẹ́sàn-án ló sì ti fi ń gun òkè yẹn.

Baálẹ̀ ní kó sọ tẹnu rẹ̀. Ó sọ ọ́ létòlétò, bí ẹni ń ròyìn aláìsàn fún dókítà. Ó ní ọkọ̀ òun kì í ṣe irú èyí tí ẹ́ńjìnnì ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì péré. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń yí lẹ́ẹ̀kan náà, òun ló fi lè gun ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀ tó lọ sí ilé ìwòsàn kékeré orí òkè. Lóṣù méjì sẹ́yìn, òun lọ sí ìpàdé ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Nígbà tí òun dé, táyà ẹ̀yìn ti di nǹkan mìíràn, ó fẹ̀ ju ti iwájú lọ fíìfíì. Òun béèrè, ọkọ òun ní ẹ̀bùn ni. Láti ọjọ́ náà ni ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lábẹ́ ìjókòó, tó ń fò kìjì bí òun bá yà ní kọ̀rọ̀, tí òórùn epo jíjóná sì ń wọlé. Òun sọ fún ọkọ òun. Ó ní kí òun ṣí fèrèsé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, wọ́n pè é pé obìnrin kan ń rọbí lórí òkè. Ọkọ̀ gun òkè náà dé ìdajì, nǹkan kan dún gbì lábẹ́ rẹ̀, ó sì dúró pa. Agbẹ̀bí gbé báàgì karí, ó fẹsẹ̀ rin ìyókù nínú òjò. Nígbà tó fi máa débẹ̀, ìyá ọkọ obìnrin náà ti fọwọ́ ara rẹ̀ gba ọmọ, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà lára ìyá ọmọ.

“Mo rí ẹ̀jẹ̀ náà dá dúró,” ló wí. “Tìyá tọmọ ló wà láyè. Ṣùgbọ́n Bàbá, wákàtí kan ni mo fi rin ibi tí ọkọ̀ mi ń fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ká ní ó tún pẹ́ díẹ̀ sí i, ẹjọ́ òkú ni ǹ bá gbé wá bá yín.”

Ìjòyè tó jókòó lápá ọ̀tún ló kọ́kọ́ la ẹnu. Ó béèrè irú àwọ̀ tí táyà náà ní. Wọ́n sọ fún un pé dúdú ni. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Baálẹ̀ kọjú sí Gbajúmọ̀ pé kó ṣàlàyé. Gbajúmọ̀ tún kọ́là rẹ̀ ṣe. Ó ní àwọn tọkọtaya tuntun máa ń fẹ́ ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ọkọ̀ ìyàwó òun ló sì rẹwà jù ládùúgbò, àfi pé ó ní àbùkù kan.

“Kò nídìí, Bàbá,” ló wí. “Bí mo bá yà á látẹ̀yìn, ńṣe ló ń rí pẹlẹbẹ bí ẹni tí kò jẹun kánú láti ọdún mẹ́ta. Ojú ń tì mí fún un. Mo bá fún un nídìí.”

Baálẹ̀ bi í bóyá ó gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ọkọ̀. Ó fèsì pé ẹni tó ni ọkọ̀ kì í wo ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, inú rẹ̀ ló máa ń wà. Baálẹ̀ bi í ìdí tí kò fi pààrọ̀ ti iwájú pẹ̀lú. Ó ní iwájú kì í sí nínú fọ́tò. Ó wá fi kún un, láìjẹ́ pé wọ́n bi í, pé ẹ̀yìn ọkọ̀ eré ìdíje máa ń tóbi, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n, àti pé obìnrin tó bá mọ ọkọ̀ wà á ti mọ bó ṣe yẹ kó wa ọkọ̀ tó ti gba ìdí.

Ohun tó dun agbẹ̀bí jù nìyẹn, pé ọkùnrin náà gba ara rẹ̀ gbọ́. Ọdún méjìlá ló ti fẹ́ ẹ, kò sì tíì rí ọjọ́ kan tó ṣẹ̀ tí ẹ̀bi náà bá a sùn.

Gbajúmọ̀ ní òun ní ẹlẹ́rìí méjì. Èkíní ni oní-táyà tó de táyà náà mọ́ ọkọ̀. Ó búra pé gíga táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, fífẹ̀ nìkan ni ti ẹ̀yìn fi yàtọ̀. Ó ní òun ò lè ṣi táyà wọ̀n, torí òun ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí àwọn kan nínú ilé yìí. Baálẹ̀, tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, béèrè ohun tó fi wọ̀n ọ́n.

“Ojú ni, Bàbá.”

“Ojú wo?”

“Èyí tó ń ríran. Èkejì ń dùn mí.”

Ẹlẹ́rìí kejì ni ẹ̀gbọ́n Gbajúmọ̀ obìnrin. Ó ní àbúrò òun gbé òun nínú ọkọ̀ náà lọ́jọ́ tí wọ́n de táyà tuntun, pé ó ń lọ wẹ́rẹ́, kò mi èèyàn rárá. Baálẹ̀ bi í bó ṣe padà sílé. Ó ní ẹsẹ̀ lòun fi rìn. Wọ́n bi í ìdí. Ó wo àbúrò rẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó wá jẹ́wọ́ pé ọkọ̀ náà ń kùn lábẹ́ òun bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ, àyà òun sì ń já. Síbẹ̀, ó ní ìyàwó àbúrò òun ló bà á jẹ́. Gbajúmọ̀ ò wo apá ibi tó jókòó sí mọ́.

Baálẹ̀ ní kí wọ́n wọn táyà náà lójú gbogbo èèyàn. Akọ̀wé ń wá okùn kiri nígbà tí agbẹ̀bí ṣí báàgì rẹ̀, tó fa tépù tó fi ń wọn ikùn aláboyún jáde. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ojúde, ó fa tépù yí táyà iwájú ká, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tó bá parí sí. Sẹ̀ǹtímítà igba ó lé mẹ́jọ. Ó ṣe bákan náà sí ti ẹ̀yìn: igba ó lé méjìdínlógún. Oní-táyà ní tépù aláboyún ò mọ táyà í wọ̀n. Akọ̀wé tún un wọ̀n, iye kan náà ló rí.

Wọ́n wá pe mẹkáníìkì tó tú ọkọ̀ náà. Ó gbé bàsíà kan wọlé, àwọn irin pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ ló wà nínú rẹ̀, wọ́n dúdú bí èédú. Ó ní fífẹ̀ nìkan kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ láti ilé iṣẹ́, ẹ̀yìn wọn fẹ̀, àmọ́ àyíká táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀. Ká ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yìí ń yí, wàhálà ò ní tó báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan wà láàárín rẹ̀ tó so iwájú mọ́ ẹ̀yìn. Bí táyà ẹ̀yìn bá yí lẹ́ẹ̀kan, ó lọ jìnnà ju ti iwájú lọ, ti iwájú á sì máa sáré yí kó lè bá a. Ẹ̀rọ àárín ló ń jẹ ìyà ìjà wọn, ní kọ̀rọ̀ àti lójú ọ̀nà tó tọ́, títí àwọn irin inú rẹ̀ yìí fi jóná.

“Ẹni tó wà á ò ṣe nǹkan kan,” ni mẹkáníìkì wí. “Bí ẹ bá gbé e fún áńgẹ́lì, á jó.”

Agbẹ̀bí tẹrí ba, ó ń ká tépù rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ojú rẹ̀.

Gbajúmọ̀ ní òun ò rí ìdí tí wọ́n fi ń pariwo lórí sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, ìka ẹsẹ̀ òun nìkan ju bẹ́ẹ̀ lọ. Baálẹ̀ ò bá a jiyàn. Ó ránṣẹ́ pe ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, ọkùnrin kan tó gbọ́dọ̀ tẹrí ba kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà kọjá. Ó ní kí Gbajúmọ̀ dúró níwájú, kí ẹ̀ṣọ́ dúró lẹ́yìn, kí wọ́n de igi kan mọ́ ìbàdí àwọn méjèèjì. Òfin kan ló fún wọn: iye ìgbésẹ̀ wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba. Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń kà. Ní ìgbésẹ̀ kẹrin, orí ìka ẹsẹ̀ ni Gbajúmọ̀ fi ń rìn. Ní ìkeje, igi ti tì í ṣubú, kóòtù funfun ti di aláwọ̀ ilẹ̀. Ìjòyè apá ọ̀tún kọ àwọ̀ náà sílẹ̀.

Ìgbà náà ni Baálẹ̀ dájọ́. Ó ní agbẹ̀bí ò jẹ̀bi, kí akọ̀wé kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ó ní oní-táyà á máa so tépù mọ́ ọrùn lọ síbi iṣẹ́ fún ọdún kan. Ó wá ní Gbajúmọ̀ á tún ọkọ̀ náà ṣe, á sì wá táyà mẹ́rin tó dọ́gba. Títí ọkọ̀ á fi gun òkè, lójoojúmọ́ tí agbẹ̀bí bá ń lọ síbi iṣẹ́, Gbajúmọ̀ àti ẹ̀ṣọ́ á máa bá a gun òkè, bí wọ́n ṣe de igi mọ́ wọn yẹn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á sì máa ka ìgbésẹ̀ wọn sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ó fẹ́ kí Gbajúmọ̀ ru báàgì ìyàwó rẹ̀. Agbẹ̀bí bẹ Baálẹ̀ pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀, torí òun fẹ́ kí ohun tó wà nínú rẹ̀ débẹ̀ ní odidi. Baálẹ̀ fi kẹ́ẹ̀gì omi rọ́pò rẹ̀.

Láàárọ̀ yìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Agbẹ̀bí ló ṣíwájú. Ó ń gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó ń kà, ó ń gbọ́ omi tó ń dà sílẹ̀, ó ń gbọ́ bàtà tó ń fà wọ́ọ́wọ́ọ́ lórí òkúta. Ìlẹ̀kùn ń ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, àwọn èèyàn ń dúró wò. Nígbà tí wọ́n gun ìdajì òkè, ọkọ rẹ̀ pè é.

“Jọ̀ọ́, bá mi sọ fún ẹ̀ṣọ́ yìí kó dín gígùn ìgbésẹ̀ rẹ̀ kù.”

Ó dúró, ó yíjú padà, ó wo àwọn méjèèjì láti òkè délẹ̀.

“Ṣé o ò lè rìn ni,” ló bi í, “àbí eré àsápajúdé lo fi ń gun òkè?”

Kò dúró gbọ́ èsì. Aláboyún mẹ́fà ló ti jókòó dè é lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn.