Ewúrẹ́ Tó Jẹ Fìlà Oyè

Ẹ̀yin tèmi, ṣé ẹ tiẹ̀ mọ ohun tó fà á tí àwọn àgbà fi ń sọ pé ibi tí a bá so ewúrẹ́ mọ́ ni yóò ti jẹ? Ẹ má sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìjọba ni o. Ọ̀rọ̀ Gbádébọ̀ ará Agbọ́nlé ni.

Ní Agbọ́nlé, òfin wà fún ẹran ọ̀sìn. Ẹ ò gbọdọ̀ lù ú, ẹ ò gbọdọ̀ febi pa á, ibi tí ẹ bá sì so ó mọ́, ibẹ̀ náà ni kó ti jẹ. Ìyá Mọ́sún ló ń ṣọ́ òfin yìí. Tí ewúrẹ́ bá ké lẹ́ẹ̀mẹta, màmá ti dé ẹnu ọ̀nà yín nìyẹn.

Gbádébọ̀ wá fẹ́ joyè Olórí Ọlọ́sìn. Ọdún méje ló ti ń lé oyè yìí kiri! Ó dá agbádá, ó dá fìlà, ó ra ewúrẹ́ dúdú kan tó máa fà lé Baálẹ̀ lọ́wọ́. Ayọ̀ ò jẹ́ kó rántí pé ewúrẹ́ máa ń jẹun. Láti àná tó ti rà á, ewé kan ò kan ẹnu ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ oyè, ewúrẹ́ figbe ta. Bí Ìyá Mọ́sún bá gbọ́ pẹ́nrẹ́n, oyè bọ́ nìyẹn. Dípò kí Gbádébọ̀ já ewé fún ẹran, ó wọ́ ọ wọ yàrá, ó so ó mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó tilẹ̀kùn, ó lọ wẹ̀.

Igbe dákẹ́ lóòótọ́. Gbádébọ̀ ń súfèé ní balùwẹ̀. Àfìgbà tó ṣílẹ̀kùn yàrá ló tó rántí pé orí bẹ́ẹ̀dì yẹn lòun tẹ́ aṣọ oyè sí. Ewúrẹ́ ti jẹ fìlà tán, ó ti dé apá kejì agbádá, ó wá ń wò ó bí ẹni tó ń retí omi.

Ibẹ̀ ni Ìyá Mọ́sún, tó ti gbọ́ igbe àárọ̀, bá wọn.

“Gbádébọ̀, ebi lo fi pa ẹran yìí tó fi ń jẹ aṣọ?”

Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, oyè lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Ẹ̀yin ìyá mi, èmi ni mo gbé e fún un. Ṣebí òfin ní ibi tí mo bá so ó mọ́ ni kó ti jẹ.”

“Fìlà oyè ńkọ́?”

“Ó wù ú jẹ ni, mà.”

Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní ó dáa, ẹni tó fẹ́ràn ẹran tó báyìí, òun á bá a so ewúrẹ́ náà mọ́ ìbàdí ẹ̀, kí wọ́n má baà pínyà.

Bí Gbádébọ̀ ṣe ró ìró ìyàwó ẹ̀ lọ sí ààfin Baálẹ̀ nìyẹn, ewúrẹ́ ń tẹ̀lé e. Ó kúnlẹ̀. Baálẹ̀ fi ewé akòko lé e lórí. Gbogbo wa la sì mọ̀ pé ẹni tó bá gba ewé akòko ló joyè.

Ewúrẹ́ na ọrùn. Ó jẹ ewé náà, ó gbé e mì.

Títí dòní, wọ́n ṣì ń jiyàn ní Agbọ́nlé lórí èwo nínú àwọn méjèèjì ló joyè. Kò sẹ́ni tó lè pa ewúrẹ́ yẹn jẹ, ta ló ń pa olóyè jẹ? Gbádébọ̀ ló ń já ewé fún un láràárọ̀, bí ìjòyè kékeré ṣe ń sin ìjòyè àgbà. Tí ẹ bá wá béèrè bó ṣe jẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, á kàn fọwọ́ pa orí tí ò ní fìlà, á ní: ibi tí a bá so ewúrẹ́ mọ́ ni yóò ti jẹ.