Ìgbà Tí Oyèéyẹmí Onífọ́tò Ru Kọ̀ǹpútà Rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí, ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń wí pé àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé? Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni, kò mọ Oyèéyẹmí onífọ́tò.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, fọ́tò Màmá Àróyèhún ló wà níwájú rẹ̀. Màmá pé ọgọ́rin ọdún, ìsìn ìdúpẹ́ sì di ọ̀la. Àwọn ọmọ Màmá ti kìlọ̀ fún Oyèéyẹmí pé bí fọ́tò kò bá tẹ àwọn lọ́wọ́ kí oòrùn tó wọ̀, onífọ́tò ìsàlẹ̀ ọjà ni àwọn máa gbéṣẹ́ fún. Bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà ń wọ́ ẹsẹ̀. Bí Oyèéyẹmí bá fọwọ́ kan ilà pélé ẹ̀rẹ̀kẹ́ Màmá, yóò mu omi, yóò yán, kí ilà ọ̀hún tó mọ́ díẹ̀.

Ló bá ṣí ibi tí wọ́n ti ń pín àyè ìrántí kọ̀ǹpútà. Ó rí i pé ètò tó fi ń tún fọ́tò ṣe kò gbà ju ìdajì lọ.

"Abájọ," ló wí. "Ebi ló ń pa á. Màá fún un ní gbogbo rẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀, tó ń nu gíláàsì férémù, gbójú sókè. "Bàbá Ìlérí, ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù fún àwọn yòókù. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńkọ́? Máòsì ńkọ́?"

"Iṣẹ́ wo ni máòsì ń ṣe tó fi fẹ́ jẹun?"

Ó fún un ní gbogbo rẹ̀. Ètò náà sáré. Ilà mọ́, gèlè dán, ojú Màmá ń tàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Oyèéyẹmí fẹ́ tọ́jú iṣẹ́ pamọ́, máòsì kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Ọfà kékeré rẹ̀ dúró gbọin sí ihò imú Màmá. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò jẹ́ ìpè. Bó bá sì pa kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ ti ṣègbé nìyẹn.

"Ẹ kúkú rù ú lọ bẹ́ẹ̀," ni ìyàwó rẹ̀ wí. Ó ń ṣàwàdà ni.

Oyèéyẹmí kó gbogbo rẹ̀ sínú igbá ńlá, tòun ti bátìrì tó ń fún kọ̀ǹpútà níná, tó ń ké pí, pí bí òròmọdìẹ. "Ìyá Ìlérí, bá mi ru díẹ̀."

"Èmi kẹ̀? Ṣé mo bá yín jẹ níbẹ̀ ni?"

Ló bá dá igbá rù dé ilé Màmá. Màmá wo inú rẹ̀ títí. "Ó jọ mí. Kí ni ọfà ń wá nímú mi? Ìṣó wo ló sì máa gbé igbá yìí dúró lára ògiri?"

Kí Oyèéyẹmí tó fèsì, bátìrì kú. Ojú Màmá pòórá nínú igbá.

"Ọmọ mi, oòrùn kò tíì wọ̀. Lọ tún un ṣe."

Ló bá tún ru igbá padà sílé. Ó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, ó sì ṣẹ́ díẹ̀ kù fún àwọn tó kù. Fọ́tò jáde wẹ́rẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ló sáré gbé e lọ kí oòrùn tó wọ̀, torí ọrùn Oyèéyẹmí kò yí mọ́. Ẹ bi ọrùn náà léèrè, yóò sọ fún yín: àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.